Orúkọ Tí Irin Ń Jẹ́ ní Òkòkòmáíkò

Bí ènìyàn bá gba títì márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, tí ó kọjá ọgbà ńlá Trade Fair tí wọ́n ti ṣe ìpàtẹ ọjà àgbáyé ní 1977, tí ó sì tún kọjá ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Volkswagen pọ̀ ní 1975, èyí tí àwọn agbèrò ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ pe ibùdókọ̀ ibẹ̀ títí di òní olónìí, yóò rí i pé irin kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò. Lábẹ́ igi, lábẹ́ agbòòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà àti nínú àgbàlá ilé, àwọn ọmọ Ògún Lákáayé, Ọ̀ṣìn Imọlẹ̀, ń fi ọ́ìlì wẹ ọwọ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Láàárín wọn ni a sì ti ń rí irú ènìyàn kan tí kò wọ́pọ̀, ẹni tí yóò wá alùpùpù tó ti sùn sí ẹ̀yìnkùlé onílé fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kàn, bóyá Honda CD 175 tí tíṣà kan ń gùn lọ sí ilé ìwé nígbà ayé rẹ̀, bóyá Vespa tí akọ̀wé kan fi ń gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí yóò rà á, tí yóò gbé e wálé, tí kò sì ní í sinmi títí irin náà yóò fi tún fọhùn. Ọ̀rọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, pàápàá jù lọ ọ̀rọ̀ tí ń bẹ lẹ́nu rẹ̀: èdè wo ni ó fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, èdè wo ni ó sì yẹ kí àwa tí a ń kọ Yorùbá sínú ìwé máa fi kọ ọ́?

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn baba wa tó kọ́kọ́ fojú kan ẹ̀rọ òyìnbó kò sì gbàgbé òwe yìí. Ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe ni wọ́n wò. Ọkọ̀ tí kò ní ẹṣin níwájú, tí kò ní atukọ̀ lẹ́yìn, tí ó kàn ń yọ́ bọ̀ lójú títì, wọ́n pè é ní ayọ́kẹ́lẹ́. Àpótí tí ń sọ̀rọ̀ tí kì í dúró gba èsì, wọ́n pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Èyí tí ń lu pù-pù-pù kọjá lọ, kí ni ì bá tún jẹ́ bí kò ṣe alùpùpù? Ẹni tó bá fetí sí orúkọ wọ̀nyí yóò mọ̀ pé etí ni ó sọ wọ́n: ọ̀kan yọ́, èkejì sọ̀rọ̀, ẹ̀kẹta lù. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi ń bá wọn rìn tún ń fi ìran wọn hàn. Ọkọ̀ ni à ń wà, nítorí pé orí omi ni ọkọ̀ ti kọ́kọ́ rìn, àwọn Àwórì tó tẹ ilẹ̀ Ọ̀jọ́ àti Ìbà dó sì ti ń wa ọkọ̀ lórí ọ̀sà kí ẹnikẹ́ni tó ronú títì. Ṣùgbọ́n alùpùpù, gígùn ni à ń gùn ún, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gun ẹṣin. Ìdí nìyí tí kò fi ṣòro fún ìjánu láti kúrò lẹ́nu ẹṣin bọ́ sí ara alùpùpù, tí ó sì di orúkọ ohun tí ń dá a dúró. Mo fẹ́ kí gàárì náà tẹ̀lé e, nítorí pé ibi tí ènìyàn ń jókòó sí lórí ohun tí ó gùn, gàárì ni ó ń jẹ́ láyé ọjọ́un tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ń da ilẹ̀ rú. Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Ohun tí a bá fún ní orúkọ tó bá a mu, a ti kó o ní ìjánu.

Ọ̀pọ̀ ará Èkó lónìí, bí wọ́n bá ti rí ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó ní ẹ́ńjìnnì, ọ̀kadà ni wọ́n ń pè é. Orúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ni, èyí tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, tí ó sì fi orúkọ ìlú rẹ̀ pè. Àwọn ará ìgboro ni wọ́n fi ẹ̀fẹ̀ gbé e fún alùpùpù akérò, nítorí bí ó ti ń fò kọjá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Orúkọ náà dùn, ó sì ti fìdí múlẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ni ó ń tọ́ka sí. Alùpùpù tí kò gbé èrò rí, tí olówó rẹ̀ ń fi aṣọ funfun nù lọ́jọ́ Sátidé, alùpùpù ni kí ó máa jẹ́.

Àwọn ọ̀mọ̀wé wa kò káwọ́ lẹ́rán. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ní 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ jáde, ìkejì rẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olótùú rẹ̀, sì tẹ̀lé e ní 1990. Gbèsè ọpẹ́ ni a jẹ wọ́n, nítorí pé bí kì í bá ṣe tiwọn ni, olùkọ́ tí ń kọ́ni ní gírámà àti lítíréṣọ̀ Yorùbá ì bá ṣì máa fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni ní èdè baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú kíláàsì ni àwọn ìwé náà ń gbé. Wọn kò dé abẹ́ igi tí wọ́n ti ń tú ẹ́ńjìnnì.

Lábẹ́ igi náà, àwọn ọmọṣẹ́ ti ṣe ti ara wọn. Wọ́n gba púlọ́ọ̀gì, písítìn, ríìngì, fálífù, kílọ́ọ̀ṣì, jíà àti káàbù lọ́wọ́ òyìnbó, wọ́n sì fi ohùn Yorùbá wọ̀ wọ́n láṣọ. Àwọn kan nínú wa a máa bínú sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn a sì fẹ́ kí a wá orúkọ gígùn gbọọrọ tí yóò ro ẹjọ́ písítìn láti orí dé ìdí. N kò bá wọn lọ, ìtàn alùpùpù fúnra rẹ̀ ni n ó sì fi dá wọn lóhùn. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó parí ni ilé iṣẹ́ DKW ní Jámánì ti ṣe alùpùpù kékeré kan tí wọ́n pè ní RT 125. Nígbà tí Jámánì ṣubú, àwọn tó ṣẹ́gun gba àwòrán rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó ìtánràn ogun. BSA ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe Bantam ní 1948, Yamaha ilẹ̀ Japan sì wo àpẹẹrẹ rẹ̀ ṣe YA-1, èyí tí í ṣe alùpùpù àkọ́kọ́ tí wọ́n tà, ní 1955. Ta ni ó ń sọ lónìí pé Yamaha kì í ṣe ọmọ Japan? Ohun tí a yá, tí a sì fi ọwọ́ ara wa tún rọ, ti di tiwa. Púlọ́ọ̀gì ti ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, ó ti gba fáwẹ̀lì sáàárín kọ́ńsónáǹtì rẹ̀, ọmọ Ìbà tí kò kàwé rí sì ń pè é láìkọsẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni àlùbọ́sà àti àdúrà gbà wọlé láti òkè Ọya, kò sì sí ẹni tó ń bi wọ́n ní ilé baba wọn mọ́.

Ìṣe ni kí a máa ṣọ́. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fà yọ ni pé orúkọ ẹ̀yà lè jẹ́ àyálò kí èdè má sì jìyà, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ti lọ, ilé ti wó nìyẹn. Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ti ń lọ. Ẹni tó gbé alùpùpù àtijọ́ wálé, kí ó tú u ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. À ń tú ẹrù, à ń tú irun, à ń tú okùn, a sì ń tú ẹ́ńjìnnì, nítorí pé ohun tí a bá dì ni a lè tú, dídì ni a sì ń di nọ́ọ̀tì. Ṣùgbọ́n irin tí òjò Èkó ti pa fún ọdún gbọọrọ, tí atẹ́gùn oníyọ̀ sì ń fẹ́ sí láti òkun, kì í tú bọ̀rọ̀. Ó ti dógùn-ún. Ìpáàrà ti sọ nọ́ọ̀tì àti bóòtù di ọ̀kan. Wọn a rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì mọ́jú. Bí kò bá gbọ́, wọn a fi iná mú nọ́ọ̀tì gbóná, nítorí pé irin a máa wú bí ó bá gbóná, bí ó bá sì ti wú, yóò jọ̀wọ́ ohun tí ó dì mú. Tánkì epo tí inú rẹ̀ ti dípáàrà, òkúta wẹ́wẹ́ tàbí àjákù ṣéènì ni wọ́n ń dà sí i pẹ̀lú omi ọṣẹ, tí wọn a sì máa gbọ̀n ọ́n bí ẹni ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, títí omi tí ń jáde níbẹ̀ yóò fi mọ́. Fálífù tí kò jókòó dáadáa mọ́ ni wọ́n ń lọ̀: wọn a fi ìpara oníyanrìn sí i létí, wọn a sì máa yí i síwá-sẹ́yìn lórí ibùjókòó rẹ̀ títí etí méjèèjì yóò fi pàdé láìsí àlàfo. Sílíńdà tó ti jẹ, wọn a gbé e lọ sọ́dọ̀ tọ́nà kí ó gbẹ́ ẹ. Férémù tó ya, ajórinmọ́rin ní í jó o. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, ẹ̀dá abẹ̀mí ni lẹ́nu wọn: ó ń mu epo, ó ń mu ọ́ìlì bí ríìngì rẹ̀ bá ti jẹ, ó ń húkọ́ bí káàbù bá dọ̀tí, ó ń mí, ó ń kú, ó sì ń jí.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn ọmọ ìwòyí ti ń sọ pé nọ́ọ̀tì “ti lúùsù” nígbà tí ó ti tú, wọ́n sì ń ní kí a “táìtì ẹ̀” nígbà tí “dì í” wà lẹ́nu wọn. Kò sí ìdí kankan fún èyí. A yá písítìn nítorí pé a kò ní písítìn. Ta ni kò ní dídì àti títú?

Bí a bá sì ní kí n kọ́ ọmọdé kan ní Ìbà bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ onísílébù kọ̀ọ̀kan péré ni n ó lò. Láti 1876 tí Nicolaus Otto ti ṣe ẹ́ńjìnnì oníṣìísẹ̀ mẹ́rin ní Jámánì, ohun mẹ́rin náà ni irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ń ṣe: fà, fún, bú, tu. Písítìn sọ̀kalẹ̀, ó fa epo àti afẹ́fẹ́ wọlé. Ó gòkè, ó fún wọn pọ̀ títí àyè fi há wọn. Púlọ́ọ̀gì ṣáná, wọ́n bú, wọ́n sì ti písítìn wálẹ̀. Ó tún gòkè, ó tu èéfín jáde. Ẹ pè é léraléra kí ẹ gbọ́ ọ: ohùn ìsàlẹ̀, òkè, òkè, àárín, ìlù gidi ni, Honda CD 175 sì ń lù ú bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń jó ọ́ìlì mọ́ epo, Vespa àtijọ́, Suzuki AX 100 àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, oníṣìísẹ̀ méjì ni wọ́n: bí wọ́n ti ń fún lókè ni wọ́n ń fà nísàlẹ̀, bí wọ́n sì ti ń bú ni wọ́n ń tu. Ṣáná tí mo lò yìí náà ni ó bí ìṣáná tí àwọn ìyá wa fi ń dáná. Kí púlọ́ọ̀gì máa jẹ́ púlọ́ọ̀gì, kí ohun tí ó ń ṣe sì máa jẹ́ ìṣáná.

Ó wá ku orúkọ iṣẹ́ náà gan-an. Àtúnṣe kò tó o, nítorí pé ẹni tó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì lásán ti ṣe àtúnṣe. Àtúnkùn kò tó o. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀tàn, ọ̀dà tuntun lórí ìpáàrà àtijọ́. Ohun tí ẹni tí mo ń sọ yìí ń ṣe ni pé ó ń dá alùpùpù padà sí ipò tí ó wà lọ́jọ́ tí ó jáde ní ilé iṣẹ́, pẹ̀lú ẹ̀yà ojúlówó àti àwọ̀ tí wọ́n kùn ún nígbà náà. Ìmúbọ̀sípò ni mo yàn fún un. Àwọn ọmọṣẹ́ ní tiwọn tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn a ní “a ti jí i,” èyí sì péye fún ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n alùpùpù lè jí kí ó má tíì bọ̀ sípò, ìyàtọ̀ yìí ni ẹni tó fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó ná owó. Ní ti ẹ̀yà, ẹni tó ní Honda Super Cub kò ní í jìyà tó ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, nítorí pé láti 1958 sí 2017 ni iye tí Honda ṣe nínú rẹ̀ ti kọjá mílíọ̀nù 100. Ẹni tó ní BSA yóò wá a títí. Yálà ó lọ sí ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ASPAMDA nínú ọgbà Trade Fair tàbí ó ránṣẹ́ sí Nnewi, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni yóò gbọ́, ojúlówó, ayédèrú àti tòkunbọ̀. Orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun ni Tòkunbọ̀, ìgboro ni ó sì sọ ọ́ di orúkọ ọjà àlòkù tó gba ojú omi wá. Ìgbìmọ̀ kankan kò ṣe é, síbẹ̀ n kò rí ọ̀rọ̀ tuntun tó dára jù ú lọ ní ìran wa, nítorí pé Yorùbá nìkan kọ́ ni ó ń lò ó: ará Nnewi àti ará Kánò ti yá a lọ́wọ́ wa.

Òfin tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2018 ti sọ ẹ̀kọ́ Yorùbá di dandan ní ilé ìwé, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sì ti wà ní Ọ̀jọ́ láti 1983, kò jìnnà sí àwọn atọ́kọ̀ṣe wọ̀nyí rárá. Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Yorùbá níbẹ̀, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ mú ìwé àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ dání, ẹ lọ jókòó ti àwọn ọ̀gá ní Ìbà àti Òkòkòmáíkò. Ẹ má ṣe bi wọ́n léèrè kí ni wọ́n ń pe irin yìí nìkan. Ẹ bi wọ́n léèrè kí ni wọ́n ń ṣe sí i, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá ti sọ ọ́. Àwọn tó mọ Honda CD 175 tinú-tòde ti ń darúgbó, alùpùpù Bajaj àti TVS sì ni àwọn ọmọṣẹ́ wọn ń kọ́. Ẹ tètè lọ.