Ìṣètò ojú-ewé búlọ́ọ̀gù

Ìṣètò ojú-ewé búlọ́ọ̀gù ni ọ̀nà tí a gbà ń to àkọlé, ọ̀rọ̀, àwòrán àti àyè òfìfo sí ojú-ewé àpilẹ̀kọ lórí ìkànnì ayélujára. Ìkànnì kan lè ní ìṣètò méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí olùkọ̀wé lè yan èyí tí ó bá àpilẹ̀kọ rẹ̀ mu.

Ìtàn

Ṣáájú ayélujára ni àwọn atẹ̀wé ti ń ronú lórí ìrísí ojú-ewé. Ìwé Ìròhìn, tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, pín ojú-ewé rẹ̀ sí òpó méjì láìsí àwòrán. Blogger bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1999, WordPress sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2003. Láti ọdún 2005 ni WordPress ti ní àwòṣe fún àwọn ojú-ewé tí kì í yí padà, ṣùgbọ́n oṣù Kejìlá ọdún 2016, nínú ẹ̀dà 4.7, ni ó tó fi irú àǹfààní yìí fún àpilẹ̀kọ búlọ́ọ̀gù.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Inú àká ìsọfúnni ni ọ̀rọ̀ àpilẹ̀kọ máa ń wà, inú fáìlì àwòṣe sì ni ìrísí rẹ̀ wà. Nígbà tí òǹkàwé bá ṣí ojú-ewé, a ó pa méjèèjì pọ̀. Nítorí náà, a lè yí ìṣètò padà láìtún ọ̀rọ̀ tẹ̀. Ní ọdún 2010, Ethan Marcotte ṣàlàyé bí ojú-ewé kan náà ṣe lè yí ara rẹ̀ padà gẹ́gẹ́ bí ojú ẹ̀rọ bá ṣe fẹ̀ tó.

Ìlò rẹ̀ ní Lekki àti Ajah

Ní Lekki àti Ajah, ní agbègbè Ìjọba Ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà, ìpolówó ilé nílò àwòrán, iye owó àti àdúgbò ní òkè ojú-ewé. Ọ̀nà oúnjẹ sísè nílò àkójọ èròjà. Àlàyé gígùn lórí àgbàrá òjò sì dára jù nínú òpó kan ṣoṣo. Ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà sábà máa ń bọ́ sí ìsàlẹ̀ lórí fóònù. Bí ó bá jẹ́ ibẹ̀ nìkan ni nọ́ńbà ontajà wà, ẹni tí ń kàwé nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ lè má rí i. Àwòrán ńlá náà tún máa ń jẹ dátà.

Èdè Yorùbá

Ìṣètò tún kan àmì ohùn. Lẹ́tà bíi «ẹ́» àti «ọ̀» kò ní kóòdù ẹyọ kan nínú Unicode. A máa ń fi àmì ohùn kún lẹ́tà ni. Bí irú lẹ́tà tí a yàn kò bá gbà á dáadáa, àmì lè yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Bí ìlà bá sì fún jù, orí àmì lè gé. Nígbà náà, òǹkàwé kò ní lè fi ojú ya «ọkọ», «ọkọ́» àti «ọkọ̀» sọ́tọ̀.