Okùn Ajá Ọdẹ, Ohùn Ni

Ìtàn ọba àti ìtàn ogun la máa ń sọ jù. Lónìí, ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn ajá, nítorí ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn baba wa ṣe gbé inú igbó, kó wo ẹranko tó ń bá wọn rìn.

Ìtàn Kétu sọ pé ọdẹ ló mọ ọ̀nà tí Ọba Ẹdẹ àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbà dé ibi tí ìlú náà wà dòní. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàn ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá: ọdẹ ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ọdẹ tó bá sì ní ajá, ajá ni ojú àti imú rẹ̀ nínú igbó.

Ohun tó yẹ ká fiyè sí ni pé ajá ọdẹ kì í ní okùn lọ́rùn. Okùn á há mọ́ igi, á lọ́ mọ́ ìtàkùn. Ajá tí a so mọ́wọ́ kò lè lé ọ̀yà, kò lè wá ihò òkété kiri. Ó gbọ́dọ̀ lọ síbi tí ojú ọdẹ kò tó. Kí ló wá ń dá a padà?

Òwe ti dá wa lóhùn: ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. A ti fi òwe yìí bá ọmọ wí títí, a gbàgbé pé inú iṣẹ́ gidi ló ti wá. Ó jẹ́ ẹ̀rí pé ọdẹ ní fèrè, pé ajá mọ ìró rẹ̀, àti pé gbígbọ́ ìpè ló ya ajá tó ń padà wálé sọ́tọ̀ sí èyí tí igbó gbé.

Ẹ̀kọ́ náà kì í bẹ̀rẹ̀ nínú igbó. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Orúkọ ló ṣáájú. Nílẹ̀ wa, orúkọ ajá sábà máa ń jẹ́ òwe tàbí ọ̀rọ̀ tí olúwa rẹ̀ fẹ́ kí aládùúgbò gbọ́, irú bíi Tanímọ̀la. Àwọn Bàríbá ní Bọ̀rgú lápá àríwá náà ní àṣà yìí. Aládùúgbò ń gbọ́ òwe, ṣùgbọ́n ajá ń gbọ́ oúnjẹ, nítorí ìgbà tí a bá ń fún un jẹ là ń pe orúkọ náà. Lẹ́yìn èyí ni ọmọ ajá á máa tẹ̀ lé ajá àgbà, á máa wo ohun tó ń ṣe. Bí wọ́n bá sì pa ẹran, ajá á gba ìpín tirẹ̀. Ẹni tó pe ajá, tó wá nà án nígbà tó dé, ti kọ́ ọ pé kó má wá mọ́.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní Kóńgò, irú ajá kan wà tí kì í sábà gbó, tí wọ́n ń pè ní basenji. Àwọn ọdẹ ibẹ̀ ń so agogo onígi mọ́ ọn lọ́rùn kí wọ́n lè mọ ibi tó wà. Nígbà tí Olivia Burn kó wọn dé ibi àfihàn ajá Crufts ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1937, èrò wọ́ lọ wò wọ́n.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé tó la ilẹ̀ wa sí méjì. Ọ̀yà kò ka ìwé náà, ajá kò kà á. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ dé, òwe mìíràn sì bá a dé: ajá tó rí mọ́tò tó dúró fi ara rẹ̀ bọ Ògún. Ẹ wo òwe méjèèjì pọ̀. Ti àkọ́kọ́, igbó ló léwu. Ti èkejì, títì ni. Ṣùgbọ́n ajá tó gbọ́ ìpè lè bọ́ nínú ewu méjèèjì.

Lónìí, oko ti jẹ igbó tán, òfin ẹranko ìgbẹ́ ti ọdún 2004 sì ti fi ààlà sí ọdẹ ṣíṣe. Èyí dára, kí ẹran má bàa run. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ọdẹ ṣe ń lọ, ẹ̀kọ́ ajá ń bá a lọ. Ẹ̀wọ̀n la wá fi rọ́pò rẹ̀. Ajá tí a so láti àárọ̀ dalẹ́, tí àwọn ọmọdé ń sọ lókùúta, bó bá já, ta ni yóò gbọ́ ohùn rẹ̀? Èyí ni bí a ṣe ń ní ajá tó ń bu ọmọ jẹ. Ẹ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún ajá yín. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kò lè kọ́ ajá ní ìpè.

Àwọn bàbá tó mọ fèrè ṣì wà ní abúlé wa, wọ́n sì ti dàgbà. Ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń fọn ọ́n, àti orúkọ tí wọ́n sọ ajá wọn, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó pẹ́ jù.