Ìrísí àti Ìtumọ̀: Àgbéyẹ̀wò Àwọn Ìlànà Ìfàmìsí fún Ìmọ̀ Ìṣirò, láti Orí TeX dé Orí MathML àti OpenMath

Ọmọ ilé-ìwé tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Ìmẹ̀kọ, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, á kọ (0, 1) bó bá fẹ́ tọ́ka sí gbogbo nọ́ńbà tó wà láàárín òdo àti ení, láìka òdo àti ení fúnra wọn mọ́ ọn. Ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń kàwé ní Kétu, lódìkejì ààlà, ní ilẹ̀ Benin, á kọ ]0, 1[, torí ọ̀nà àwọn Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ. Yorùbá ni àwọn méjèèjì ń sọ nílé, ohun kan náà ni wọ́n sì ní lọ́kàn, síbẹ̀ ìwé wọn kò jọra. Ọ̀rọ̀ náà tún díjú jù bẹ́ẹ̀ lọ: (0, 1) yìí kan náà lè jẹ́ ojú kan lórí gíráàfù nínú ìwé ọmọ Ìmẹ̀kọ. Olùkọ́ rẹ̀ kò ní ṣì í gbọ́, torí ó mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́. Kọ̀ǹpútà kò lè mọ̀, àfi bí ẹnì kan bá sọ fún un.

Bí a ṣe ń sọ ọ́ fún un ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. Àwọn ìlànà tí aráyé ti gbé kalẹ̀ fún iṣẹ́ yìí pọ̀, ṣùgbọ́n agbo méjì ni mo rí i pé wọ́n wà: àwọn tó ń sọ bí fọ́múlà ṣe rí lójú, àti àwọn tó ń sọ ohun tó túmọ̀ sí. Agbo kìíní ló gbilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń di ẹ̀bi èyí ru ìṣòro inú èdè kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Èmi gbà pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti èrè ni: ìlànà tó bá ń san òǹkọ̀wé lẹ́san lójú ẹsẹ̀ ló ń rí ẹni lò ó, èyí tí èrè rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn kì í rí.

Knuth àti TeX

Àìtẹ́lọ́rùn ló bí TeX. Donald Knuth, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, ń múra àtúntẹ̀ ìdìpọ̀ kejì ìwé rẹ̀ tó gbajúmọ̀, The Art of Computer Programming, sílẹ̀. Lẹ́tà òjé ni wọ́n fi to ẹ̀dà àkọ́kọ́, ó sì dùn ún wò. Nígbà tó fi di 1977, àwọn atẹ̀wé ti ń lo ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ya lẹ́tà sórí fíìmù, èyí tí wọ́n sì fi han Knuth burú lójú rẹ̀ débi pé ó pa ìwé kíkọ tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ sọ́fítíwíà tí yóò máa to ojú ewé bí òun ṣe fẹ́. Ó rò pé kò ní pẹ́ kóun tó parí rẹ̀. 1982 ló tó kọ èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ìwé tó ṣàlàyé rẹ̀, The TeXbook, sì jáde ní 1984. Leslie Lamport kọ LaTeX lé e lórí láàárín àwọn ọdún yẹn, èyí tó sọ ọ́ di ohun tí ẹni tí kì í ṣe ọ̀jáfáfá náà lè lò. (Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Knuth jẹ́, kó wo nọ́ńbà ẹ̀dà TeX: gbogbo ìgbà tó bá tún un ṣe ló ń fi òǹkà kan kún un kó lè máa sún mọ́ π. Láti 2021, 3.141592653 ni.)

Ẹni tó fẹ́ kọ x² nínú TeX á tẹ x^2, ó parí. Lójú ẹsẹ̀ ló máa rí ojú ewé tó gún régé. Èrè iṣẹ́ náà kò kọjá ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ìṣirò fi dì mọ́ TeX láti ìgbà náà wá.

Ṣùgbọ́n TeX kì í béèrè ohun tí 2 tó wà lókè yẹn ń ṣe. Nínú sin² x, ó ń sọ pé kí a fi sin x lọ́po ara rẹ̀. Nínú sin⁻¹ x, nọ́ńbà tó wà ní ibẹ̀ gan-an kò ní í ṣe pẹ̀lú ìlọ́po mọ́: ó ń béèrè igun tí sin rẹ̀ jẹ́ x. Nínú ìwé àwọn onímọ̀ físíìsì, 2 tó wà lókè lè jẹ́ nọ́ńbà ìdámọ̀ lásán. Ọ̀nà kan náà ni TeX ń gbà to gbogbo wọn. Ìṣòro kejì ni pé TeX fúnra rẹ̀ jẹ́ odidi èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Òǹkọ̀wé lè yí ìtumọ̀ àṣẹ èyíkéyìí padà láàárín ìwé rẹ̀, nítorí náà ó ṣòro kí ohun mìíràn tó lè ka ìwé TeX bí TeX fúnra rẹ̀ ṣe ń kà á.

Ayélujára tí kò mọ ìṣirò

Inú CERN, níbi tí àwọn onímọ̀ físíìsì kún fọ́fọ́, ni Tim Berners-Lee ti dá ayélujára sílẹ̀. Síbẹ̀, HTML tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kò ní ọ̀nà kankan láti kọ fọ́múlà. Ìyàlẹ́nu ni èyí ṣì ń jẹ́ fún mi. Dave Raggett dábàá àmì ìṣirò nínú àbá HTML 3.0 ní 1995, ṣùgbọ́n nígbà tí HTML 3.2 jáde ní 1997, wọ́n ti yọ ọ́ dànù. Àwòrán ni àwọn ènìyàn wá ń fi fọ́múlà ṣe: àwòrán tí a kò lè wá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, tí kò tóbi bí lẹ́tà bá tóbi, tí kò sì sọ ohunkóhun fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran.

MathML ni W3C, àjọ tó ń gbé ìlànà ayélujára kalẹ̀, fi dáhùn. Ọjọ́ 7 oṣù kẹrin 1998 ni ẹ̀dà 1.0 di ìlànà, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn XML, èdè ìfàmìsí tí wọ́n gbé e kà. Patrick Ion àti Robert Miner ni wọ́n jọ ṣe olóòtú rẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ mọ̀ pé agbo méjì ló wà, wọ́n sì fi méjèèjì sínú ìlànà kan. Apá ìrísí kọ x² báyìí:

<msup><mi>x</mi><mn>2</mn></msup>

Ohun tó ń sọ ni pé x rèé, kí a gbé 2 sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Apá ìtumọ̀ kọ ọ́ báyìí:

<apply><power/><ci>x</ci><cn>2</cn></apply>

Èyí sọ pé ìlọ́po ni, kò sì bìkítà nípa bí yóò ṣe rí lójú. Àmì 3 ni TeX fi kọ ọ́. Apá ìrísí lo 33, apá ìtumọ̀ lo 43. Kò sí ẹni tí yóò máa fi ọwọ́ tẹ irú èyí, àwọn tó ṣe MathML kò sì retí pé kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́: sọ́fítíwíà ni wọ́n fẹ́ kó máa kọ ọ́ fún sọ́fítíwíà ẹgbẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Bí aṣàwákiri kò bá fi í hàn, kò sí ìdí tí ẹnì kan fi máa pèsè rẹ̀. Bí kò bá sì sí ẹni tó ń pèsè rẹ̀, kí ni aṣàwákiri fẹ́ fi hàn?

Mozilla tètè gbà á wọlé. Chrome gbà á wọlé ní ẹ̀dà 24, ní oṣù kìíní 2013, ó sì yọ ọ́ kúrò ní ẹ̀dà 25. Ọdún mẹ́wàá gbáko ló kọjá kó tó padà wá. Láàárín ìgbà yẹn, MathJax, tó hù jáde láti inú iṣẹ́ Davide Cervone, ló ń gba àwọn ènìyàn sílẹ̀: òǹkọ̀wé á tẹ TeX rẹ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n, MathJax á sì yà á sójú ìkànnì. Igalia, ilé-iṣẹ́ kan ní Galicia ní Spéìn, ló wá ṣe iṣẹ́ tó dá MathML padà sínú Chrome 109 ní oṣù kìíní 2023. MathML Core ni wọ́n ń pe èyí tí àwọn aṣàwákiri fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Kí òǹkàwé ṣàkíyèsí ohun tó wà nínú Core: ìrísí nìkan ni. Apá ìtumọ̀ kò sí níbẹ̀.

Ìwé ìtumọ̀

Ní 1993, àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà ìṣirò ti pàdé ní Zürich lórí ìṣòro mìíràn. Maple, Mathematica, GAP, Reduce: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe bẹbẹ, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ èdè ara wọn. Bí irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ 10, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ́ máa ránṣẹ́ tààrà sí ìyókù, ògbufọ̀ 90 ni a máa kọ. Bí gbogbo wọn bá gbà láti máa gba inú èdè kan kọjá, 20 ti tó. Èdè náà ni OpenMath.

Òfin OpenMath kò pọ̀. Nọ́ńbà wà níbẹ̀, lẹ́tà tó dúró fún ohun tí a kò tíì mọ̀ wà níbẹ̀, àmì tó ní orúkọ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀nà díẹ̀ láti so wọ́n pọ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni àwọn ìwé ìtumọ̀ tí gbogbo àmì gbọ́dọ̀ tọ́ka sí. Nínú èyí tí wọ́n pè ní interval1, interval_oo ni orúkọ ohun tí ọmọ Ìmẹ̀kọ àti ọmọ Kétu jọ ní lọ́kàn. Kálukú lè fi àmì tó wù ú yà á sójú ìwé. Nínú setname1, wọ́n pinnu pé òdo wà nínú N, bí àwọn Faransé ṣe ń kà á. Ẹni tí wọ́n kọ́ láti bẹ̀rẹ̀ sí í ka N láti orí 1 lè má fara mọ́ ọn, àmọ́ ó kéré tán, ó mọ ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ ń sọ.

Ibi tí àǹfààní èyí ti hàn jù ni arccot, tó ń béèrè igun tí cot rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà kan. Bi Maple léèrè ohun tí arccot(−1) jẹ́, á ní 3π/4. Bi Mathematica, á ní −π/4. Bí a bá wá cot nọ́ńbà méjèèjì, −1 náà ni a máa bá, nítorí náà a kò lè sọ pé ọ̀kan ṣìṣe. Ibi tí kálukú yàn láti gba ìdáhùn ló yàtọ̀. Ta ni kó dá ẹjọ́ náà? Ìwé Abramowitz àti Stegun, Handbook of Mathematical Functions tí ìjọba Amẹ́ríkà tẹ̀ ní 1964, ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń sá tọ̀ ní irú àkókò yìí, ìwé náà sì yí ìtumọ̀ arccot padà láàárín ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ àti àwọn tó tẹ̀ lé e. Sọ́fítíwíà méjì tó ń fi arccot ránṣẹ́ síra wọn láìsí ìwé ìtumọ̀ láàárín wọn lè ba ìṣirò odidi afárá jẹ́ láìsí ẹni tó fura. Lójú tèmi, àwọn ìwé ìtumọ̀ wọ̀nyí ni iṣẹ́ tó níye lórí jù nínú gbogbo ohun tí mo ń yẹ̀ wò níhìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó mọ̀ wọ́n kò pọ̀. MathML 3, tó jáde ní 2010, tẹ́wọ́ gbà wọ́n: apá ìtumọ̀ rẹ̀ àti OpenMath wá di ohun kan náà tí a lè kọ ní ọ̀nà méjì.

OMDoc tí Michael Kohlhase kọ́ gbòòrò ju èyí lọ. Ẹ̀dà 1.2 rẹ̀ jáde bí ìwé ní 2006. Ó fẹ́ kí a fàmì sí fọ́múlà, kí a fàmì sí tíọ́rẹ́mù àti ẹ̀rí rẹ̀, kí a sì so odidi ẹ̀ka ìmọ̀ kan mọ́ èyí tó ti yá nǹkan. Èrò náà jinlẹ̀. Àwọn tó fi kọ ìwé lójoojúmọ́ kéré níye.

Ta ló ń sanwó iṣẹ́ náà?

Kò ṣòro láti mọ ìdí tí wọ́n fi kéré níye. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti tẹ x^2 ti rí ohun tó ń wá. Bí a bá ní kó tún sọ fún ẹ̀rọ pé ìlọ́po ni, ẹ̀rọ ẹni tí kò mọ̀ rí ló ń ṣiṣẹ́ fún. Ibi tí irú iṣẹ́ yìí ti yọrí sí rere, ẹnì kan ló sanwó rẹ̀. NIST, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó jogún ìwé Abramowitz àti Stegun, gbé àtúnṣe rẹ̀ sórí ayélujára ní 2010. Wọ́n ṣe àkànṣe àṣẹ LaTeX tó ń sọ pé J yìí kì í ṣe lẹ́tà J lásán, fọ́ńṣọ̀n Bessel ni, Bruce Miller sì kọ LaTeXML tó ń sọ gbogbo rẹ̀ di MathML. LaTeXML yẹn náà ni arXiv, ìkànnì tí àwọn onímọ̀ ń kó àpilẹ̀kọ wọn sí, fi ń pèsè ẹ̀dà HTML àwọn àpilẹ̀kọ rẹ̀ láti oṣù kejìlá 2023. Àwọn òǹkọ̀wé arXiv kò yí ohunkóhun padà nínú ọwọ́ ìkọ̀wé wọn.

Àwọn tí ojú wọn kò ríran ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Sọ́fítíwíà tó ń kàwé sókè fún wọn lè ka MathML, ṣùgbọ́n bó bá dé orí sin⁻¹ x, ó ní láti méfò. MathML 4, tó ṣì wà ní àbá, dá àmì kan tí wọ́n ń pè ní intent fún irú èyí: òǹkọ̀wé, tàbí sọ́fítíwíà rẹ̀, á fi ọ̀rọ̀ kan péré sọ ohun tó ní lọ́kàn níbi tí ìrísí bá ti lè ṣini lọ́nà, á sì fi ìyókù sílẹ̀. Orúkọ inú intent kò so mọ́ èdè kan, nítorí náà ohùn tó ń kàwé lè sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ní Faransé tàbí ní Yorùbá, bí ẹnì kan bá ti kọ òfin kíkà rẹ̀. Mo fara mọ́ èyí ju OMDoc lọ, torí ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ ọ́.

Ibòmíràn sì wà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ti ń fi tọkàntọkàn kọ ìtumọ̀ sílẹ̀, láìsí ẹni tó bẹ̀ wọ́n. Lean ni, sọ́fítíwíà ayẹ̀rí-wò tí Leonardo de Moura bẹ̀rẹ̀ ní Microsoft Research ní 2013. Mathlib, àkójọ ìmọ̀ ìṣirò tí wọ́n fi Lean kọ, ti lé ní mílíọ̀nù kan ìlà. Ní oṣù kejìlá 2020, Peter Scholze, onímọ̀ ìṣirò, ní kí wọ́n bá òun yẹ ẹ̀rí kan tí ọkàn òun kò balẹ̀ sí wò. Nígbà tó fi di oṣù keje 2022, wọ́n ti fi Lean yẹ̀ ẹ́ wò tán. Èrè ibẹ̀ hàn kedere: ẹni tó kọ ìtumọ̀ ni ẹ̀rọ ń sọ fún pé ẹ̀rí rẹ̀ dúró.

Ṣùgbọ́n Lean ní èdè tirẹ̀, Isabelle tí òun náà jẹ́ ayẹ̀rí-wò ní tirẹ̀, Rocq tí à ń pè ní Coq tẹ́lẹ̀ náà ní tirẹ̀, tíọ́rẹ́mù tí ọ̀kan bá sì yẹ̀ wò kì í kọjá sọ́dọ̀ èkejì bẹ́ẹ̀ lásán. Àwọn tó ń ṣe Dedukti ní Inria, ní ilẹ̀ Faransé, ló wà nídìí kíkọ èdè àárín tí yóò máa gbé e kọjá. Iṣẹ́ náà kò rọrùn: nínú Mathlib, 1 tí a fi 0 pín jẹ́ 0, kí fọ́ńṣọ̀n ìpín má bàa ní ibi tí kò ti ní ìdáhùn. Bí a bá sì yọ 3 kúrò nínú 2 láàárín àwọn nọ́ńbà àdáyébá, 0 náà ni Lean máa dá padà. Ẹni tó bá fẹ́ gbé tíọ́rẹ́mù láti ibẹ̀ lọ síbòmíràn ní láti kọ́kọ́ jókòó kọ ohun tí àmì ìpín àti àmì àyọkúrò túmọ̀ sí ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, lọ́kọ̀ọ̀kan.