Gbèsè tí a Jẹ Àkèré

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta, àwọn àkèré àti ọ̀pọ̀lọ́ a máa péjọ sínú adágún omi kékeré tí ó wà nínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé mi. Láti ìrọ̀lẹ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́ ni akọ wọn yóò máa ké pe abo. Alábàágbé mi kan, tí ariwo yìí kò jẹ́ kí ó rí oorun sùn, wá bá mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, 'Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a fi iyanrìn dí omi yìí. Kí ni àkèré ṣe fún ọmọ ènìyàn rí?' Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún mi ní ọjọ́ díẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ ni mo fẹ́ dáhùn níhìn-ín.

Ẹni tí ó bá tan iná sí etí omi náà lóru yóò rí i pé akọ a máa gun ẹ̀yìn abo, a sì fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra pinpin. Wọ́n lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹyin a ti kún inú omi. Ti ọ̀pọ̀lọ́ a gùn bí okùn ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn ọmọ onírù ni yóò jáde láti inú ẹyin wọ̀nyí kí wọ́n tó yọ ẹsẹ̀. Nítorí pé ìta gbangba ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, tí kì í ṣe inú ikùn, ara àkèré ni àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Yúróòpù ti wá ojútùú sí ìbéèrè àtayébáyé kan: kí ni ipa akọ nínú oyún?

Lazzaro Spallanzani, àlùfáà Ìjọ Àgùdà ọmọ ilẹ̀ Ítálì tí ó gbé ayé láàárín 1729 sí 1799, tí ó sì jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Pavia, ta ọgbọ́n kan tí ó lè pa ni lẹ́rìn-ín. Ó rán ṣòkòtò kékeré fún akọ àkèré, ó sì wọ̀ ọ́ fún wọn. Ṣòkòtò kò dí wọn lọ́wọ́ láti gun abo, ṣùgbọ́n ẹyin tí abo yé kò di ọmọ. Nígbà tí ó mú àtọ̀ tí ó kù sínú ṣòkòtò, tí ó fi kan ẹyin mìíràn, àwọn yẹn di ọmọ. Báyìí ni ó ṣe fi hàn pé àtọ̀ gbọ́dọ̀ fara kan ẹyin kí ọmọ tó wà. Síbẹ̀, ọ̀mọ̀ràn náà kò gbà pé àwọn nǹkan tín-ín-tìn-tín tí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú àtọ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ náà; ó gbà pé inú ẹyin ni ọmọ ti wà tẹ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ rí òótọ́, ọkàn rẹ̀ kò gbà á.

Ní nǹkan bí 150 ọdún lẹ́yìn náà, iṣẹ́ mìíràn tún já lé àkèré léjìká. Lancelot Hogben, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó dé Yunifásítì Cape Town ní 1927, ṣàkíyèsí pé bí a bá fi abẹ́rẹ́ fa oje kókó kékeré tí ó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ màlúù sí ara abo àkèré eléèékánná ti Gúúsù Áfíríkà, yóò yé ẹyin. Àwa olùkọ́ èdè a máa fi ọpọlọ àti ọ̀pọ̀lọ́ kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní ìlò àmì ohùn. Àṣé irú ọ̀rọ̀ méjì bẹ́ẹ̀ tún lè pàdé nínú ìtàn. Láti inú àkíyèsí yìí ni àwọn onímọ̀ mìíràn ti ṣe àyẹ̀wò oyún. Wọn a fa ìtọ̀ obìnrin sí abẹ́ awọ àkèré; bí obìnrin náà bá lóyún, àkèré yóò yé ẹyin kí ọjọ́ kan tó yí po. Ṣáájú èyí, pípa ni wọ́n ń pa eku tàbí ehoro kí wọ́n tó lè mọ̀. Àkèré kì í kú, a sì tún lè lò ó. Láti àwọn ọdún 1930 títí wọ àwọn ọdún 1960, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni a kó kúrò ní Gúúsù Áfíríkà lọ sí àwọn ilé àyẹ̀wò káàkiri ayé. Láwùjọ wa tí a ti ń fi ojoojúmọ́ tọrọ ọmọ, ta ni ó yẹ kí ó fojú kékeré wo ẹ̀dá tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn oyún?

Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe san oore yìí? Kíkó tí a ń kó àkèré láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, fún àyẹ̀wò, fún ọjà àti fún oúnjẹ, kó àrùn pẹ̀lú. Ní 1998 ni àwọn onímọ̀ kéde ohun kan, ìbátan olú tí ojú lásán kò lè rí, tí ó ń ba awọ àkèré jẹ́. Awọ ni àkèré fi ń mu omi, ó sì ń bá a mí. Bí awọ náà bá bàjẹ́, iyọ̀ ara rẹ̀ a dínkù, ọkàn rẹ̀ a sì dáṣẹ́ dúró. Ní 2004, àwọn onímọ̀ kan rò pé Gúúsù Áfíríkà ni àrùn náà ti wá. Ìwádìí ọdún 2018 tọ́ka sí ìlà-oòrùn Éṣíà. Níbi yòówù kí ó ti wá, ọwọ́ ènìyàn ni ó gbé e kiri. Ìṣirò tí a gbé jáde ní 2019 fi hàn pé, ó kéré tán, ẹ̀yà àkèré àti ìbátan wọn 501 ni ó ti dínkù nítorí rẹ̀, a sì gbà pé 90 nínú wọn ti run pátápátá.

Àwọn àgbà ní ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. A ti mọ ohun tí ń lé e báyìí. Nígbà tí mo ro gbogbo èyí fún alábàágbé mi, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní, 'Ẹ jẹ́ kí omi náà wà, Dókítà. Òwú ni n óò máa fi dí etí mi.' Omi náà ṣì wà níbẹ̀.