Fún

Fún tí a fi ń fúnni lẹ́bùn kọ́ nìyí. Èyí ni ti ẹni tó ń fún aṣọ tó fọ̀, àti ti Fúlàní tó ń fún wàrà. Oníkéèkì ní Ìmẹ̀sí-Ilé náà ń lò ó: yóò kó bọ́tà tí ó ti po mọ́ ṣúgà sínú àpò, yóò wá fún un jáde lẹ́nu irin kékeré. Bó bá jẹ́ òdòdó rósì ni, ibi tó fẹ̀ lẹ́nu irin náà á kọjú sísàlẹ̀, ibi tó tín-ín-rín á wà lókè. A ó fún kókó kan sáàárín, ewé 3 á yí i ká, lẹ́yìn náà 5, lẹ́yìn náà 7. Kó yára o, ooru àtẹ́lẹwọ́ ń yọ́ bọ́tà! Àbí ẹ ò rí i: ara wàrà ni bọ́tà ti wá, nítorí náà wàrà tí wọ́n ti fún lára màlúù ni wọ́n tún ń fún lẹ́ẹ̀kejì.