Láti "Aiye" sí "Ayé"

Nígbà tí mo wà ní JSS 2, mo kọ "aiye" àti "enia" sínú àròkọ mi. Olùkọ́ fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ méjèèjì. Ó dùn mí, nítorí inú Bíbélì ìyá mi àgbà, nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ni mo ti kọ́ wọn. Ta ló wá jẹ̀bi, Bíbélì tàbí olùkọ́? Ìtàn ló dá mi lóhùn.

Ní 1875, àwọn míṣọ́nnárì CMS ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther wà níbẹ̀. Àdéhùn wọn ló fẹsẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìwé ṣe ń pọ̀ sí i, àléébù ń yọjú. A kì í pe "n" tó ṣáájú "nwọn", síbẹ̀ à ń kọ ọ́. Ní 1966, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Ní 1974, wọ́n fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun. Òfin rẹ̀ kò le: ohun tí a bá pè ni kí a kọ. "Nwọn" di "wọ́n", "enia" di "ènìyàn", "yio" di "yóò".

Ohun tí wọn kò ṣe ló wú mi lórí jù. Ìjẹ̀bú, Èkìtì àti Oǹdó ló ní ohùn tiwọn. Bí ìlú kọ̀ọ̀kan bá gba lẹ́tà tirẹ̀, ta ni yóò lè ka ìwé ẹnì kejì? Lẹ́tà wa kò ju 25 lọ.

Àwọn tó ń ṣe èdè kọ̀ǹpútà náà bá irú èyí pàdé. Nínú Python àtijọ́, àṣẹ "print" kò nílò àkámọ́ bíi ti àwọn àṣẹ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 2008, Python 3 mú un bá òfin mu, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ti kọ tẹ́lẹ̀ kò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ mọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń tọ́jú Python 2 títí di 2020, kí kálukú lè ráyè kọjá.

Nígbà tí mo fi àkọtọ́ tuntun han Màmá àgbà, wọ́n ní: "Ṣé èmi tí mo ti mọ̀wé kà ni ẹ tún fẹ́ sọ di púrúǹtù?" Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Gbogbo àtúnṣe ló ní ẹni tó ń san owó rẹ̀. Mo fara mọ́ àtúnṣe 1974, nítorí ó mú kí òfin rọrùn fún ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àmọ́ ó yẹ kí a kọ́ ọmọ náà láti ka "aiye" pẹ̀lú, kí Bíbélì Màmá àgbà má baà di ìwé àjèjì nínú ilé. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.