Àjà Ẹnu Tó Là àti Ohùn Àgbà

Ìbéèrè kan wà tí a máa ń gbọ́ ní Òkè-Odò níhìn-ín. Ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú àjà ẹnu tó là, tí wọn kò tètè gbé lọ sí ọsibítù, tó wá di ẹni ogún ọdún, ṣé iṣẹ́ abẹ ṣì lè mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá ṣáká? Àwọn kan á ní ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn ná.

Àgbà gan-an ni wọ́n máa ń ran àjà ẹnu fún ní ìbẹ̀rẹ̀. Von Graefe ti ṣe é ní Berlin ní 1816. Ní 1819, John Stephenson, ọ̀dọ́mọkùnrin láti Montreal ní Kánádà tó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, wà ní Paris. Àjà ẹnu rẹ̀ là lápá ẹ̀yìn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ó sì ń ránmú. Oníṣẹ́ abẹ kan, Philibert Roux, ní òun yóò bá a ràn án. Kò sí oògùn tí í kun èèyàn lóorun nígbà náà. Ó di 1846 kí wọ́n tó fi ether ṣe iṣẹ́ abẹ ní gbangba ní Boston. Ojú Stephenson là kedere bí abẹ́rẹ́ ti ń wọlé, kò sì gbọdọ̀ mira. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ àgbà ni wọ́n ń ṣe é fún: ta ni yóò ní kí ọmọ ọwọ́ lanu kó sì dákẹ́? Ohùn rẹ̀ yí padà. Òun fúnra rẹ̀ kọ nípa rẹ̀ ní èdè Látìn nínú ìwé tó fi gba oyè ní Edinburgh ní 1820. Lẹ́yìn náà, ó wà lára àwọn tó dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Montreal, èyí tó di ti yunifásítì McGill ní 1829. Ẹni tó ń ránmú wá di olùkọ́ níwájú kíláàsì.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àgbà ló ń rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá fẹ́ pe b, d tàbí gb, àjà ẹnu a gbéra lẹ́yìn, a dí ọ̀nà imú, kí afẹ́fẹ́ lè kó jọ sẹ́nu. Bó bá là, afẹ́fẹ́ a bá imú jáde. Ẹni náà fẹ́ pe "bàbá", "màmá" ni etí wa ń gbọ́. Kí wọ́n lè gbọ́ ọ, ọmọ náà a wá máa fi ọ̀nà ọ̀fun pe ohun tó yẹ kí ètè tàbí ahọ́n pè. Abẹ lè dí ihò. Kò lè pa àṣà ogún ọdún rẹ́. Nítorí náà ni àwọn oníṣègùn òde òní ṣe fẹ́ ṣe é kí ọmọ tó pé ọdún kan àbọ̀.

Àgbà tí wọ́n bá ṣe é fún á rí i pé omi àti ẹ̀kọ kò gba imú jáde mọ́. Ìyẹn nìkan tó ọpẹ́ lójú agbo ìnáwó. Ní ti ohùn, àwọn kan á ṣì máa ránmú, àwọn mìíràn á nílò iṣẹ́ abẹ kejì, ọ̀pọ̀ ló sì nílò ẹni tí yóò kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ sísọ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ ní Nàìjíríà, ó sì ń dùn wá.

Láti Òkè-Odò dé LUTH ní Ìdí-Àràbà kò jìnnà, bí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bá gbà. Wọ́n ń ṣe iṣẹ́ náà níbẹ̀. Àjọ Smile Train, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1999, sì ń gbé ìnáwó iṣẹ́ abẹ náà ní àwọn ilé ìwòsàn kan lórílẹ̀-èdè wa. Àgbà náà ń jẹ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ, kó béèrè lọ́jọ́ kìíní pé: bí ojú ọgbẹ́ bá jinná, ta ni yóò kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ sísọ?